Ẹ̀yin Ọmọ Lọ́yà, Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá sì gbọ́ sí i, inú mi á dùn.

Èmi ni mo máa ń ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ti pe àwọn lọ́yà tuntun ní Àbújá báyìí, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Gbogbo wọn ló ka òfin ní yunifásítì, gbogbo wọn ló ṣe ìdánwò Law School. Bí èsì ẹni méjì bá rí bákan náà, ohun tí kálukú ṣe lẹ́yìn kíláàsì ni mo máa ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń kọ ohun tí kò ràn mí lọ́wọ́ sí: "ìwé kíkà, ìrìn-àjò, wíwo bọ́ọ̀lù." Òmíràn á to oyè jọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ tibí, igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ tọ̀hún, kò ní sọ ohun kan ṣoṣo tó fi oyè náà ṣe.

Ọmọbìnrin kan kọ "Law Clinic" sí ìsàlẹ̀ CV rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Nígbà tó dé iwájú wa tí mo bi í, ó ní àwọn máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, àwọn á jókòó ti àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí, àwọn á fi Yorùbá bi wọ́n nípa ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú wọn àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú ba kóòtù, àwọn á sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún lọ́yà tó fẹ́ gba béèlì wọn. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀. Ọmọ yìí ti jókòó ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún! Iṣẹ́ tí àwa ń ṣe gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n má pè é rárá.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ibi tí o lọ, ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá lọ sí ìdíje Jessup, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń ro ẹjọ́ àròsọ, kó má wulẹ̀ dárúkọ ìdíje. Kó sọ pé àwọn kọ ẹjọ́ fún olùpẹ̀jọ́, àwọn sì tún yí padà kọ ọ́ fún olùjẹ́jọ́. Ẹni tó lè ro ẹjọ́ kan lọ́nà méjì wúlò fún wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló rówó ìdíje. Àwọn kan ń bá ìyá wọn tajà ní Gbági, àwọn ló ń tọ́jú ìwé gbèsè, àwọn náà ló ń lọ sin oníbàárà lówó. Ojú ń tì wọ́n láti kọ ọ́. Kí ló dé? Gbèsè gbígbà wà lára iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ́fíìsì wa. Kí wọ́n tó pe Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣòwò irè oko, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù wá owó.

Irọ́ nìkan ni kí ẹ má pa o. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ, a óò bi yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́, ẹ má kàn rí "ó gbá bọ́ọ̀lù fún fákọ́tì" kí ẹ ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bi í pé ta ló ń wá owó ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà, ta ló sì ń parí ìjà nígbà tí wọ́n bá fìdí rẹmi. Tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò wa ní Ìbàdàn bá lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí a bá àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ka CV wọn kí wọ́n tó lọ sí Law School, mo ṣetán láti wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn