Àgbo làkúrègbé àti ọgbẹ́ inú: ẹ dán an wò dójú àmì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbo tí wọ́n ń polówó lórí rédíò àti nínú ọkọ̀ èrò ló mú mi kọ̀wé. Ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n á ní ó ń wo làkúrègbé, tí á tún wo ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lsà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kórìíra egbòogi, ewúro àti efinrin wà lẹ́yìnkùlé mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbé abọ́ síwájú ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí mo lè gbọ́ kí n dákẹ́.

Àìsàn méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac tí à ń lò fún oríkèé tó wú, àwọn gan-an ló ń dá ọgbẹ́ sí ikùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 1971 ni John Vane ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 1982: irú èròjà ara tó ń mú oríkèé wú kan náà ló ń dáàbò bo awọ inú ikùn, òògùn wọ̀nyí sì ń dí gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ pa pọ̀. Nítorí náà, bí àgbo kan bá mú wíwú rọ̀ lóòótọ́, ikùn ẹni tó ń mu ún ló yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ní yunifásítì wa, wọ́n a máa gún abẹ́rẹ́ carrageenan sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku kó lè wú, wọ́n á fún un ní omi ewé, wọ́n á sì máa wọn ẹsẹ̀ náà láti wákàtí dé wákàtí. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n la ikùn eku kan náà wò kí wọ́n tó kọ ọ́ pé egbòogi náà ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Àìmọye ilé ni wọ́n ti ń gé èyí tó dúdú, tí kò tíì pọ́n, sínú omi, tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ fún ọ́lsà. Lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi aspirin dá ọgbẹ́ sí ikùn eku, wọ́n fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa yìí náà ni. Ó dènà ọgbẹ́ náà, ó sì tún mú èyí tó ti wà nílẹ̀ jinná. Lọ́dún 1999 wọ́n dárúkọ èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń dáàbò bo awọ inú ikùn, leucocyanidin. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí wọ́n wọ̀n fún eku kò dọ́gba pẹ̀lú omi tí kálukú ń rẹ sínú ike, tí ẹnikẹ́ni kò mọ bó ṣe le tó.

Ọgbẹ́ aspirin nìkan kọ́ ló sì wà. Barry Marshall àti Robin Warren ti fi hàn ní Ọsirélíà pé kòkòrò àrùn kan, Helicobacter pylori, ló ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Marshall fúnra rẹ̀ mu kòkòrò náà lọ́dún 1984, awọ inú ikùn rẹ̀ sì wú. Àgbo tó mú inú ríro lọ fún ọjọ́ mélòó kan, bí kò bá pa kòkòrò yìí, ọgbẹ́ náà ń padà bọ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí, ṣáájú àti lẹ́yìn àgbo, ni yóò sọ òótọ́.

Ti ọtí ló wá dùn mí jù. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ní gáréèjì, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Ṣé ti omi ni àbí ti ọtí?” Ọtí líle sì ni àwọn olùṣèwádìí fi ń dá ọgbẹ́ sí inú eku nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán òògùn wò! Ta ló ń ta ògógóró fún aláìsàn ọ́lsà?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Àgbo ìdílé Ẹni Ọ̀wọ̀ Ogunyemi fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, ni iléeṣẹ́ ìwádìí òògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Àbújá gbà, tí wọ́n sì dán wò lára àwọn aláìsàn gan-an, èyí tí a mọ̀ sí NIPRISAN. Wọ́n fi wé òògùn ẹ̀tàn tí kò ní nǹkan kan nínú, aláìsàn ò sì mọ èwo lòun ń lò. Kí ìjọba ṣe irú rẹ̀ fún èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n fi kún òògùn ilé ìwòsàn, kí wọ́n má fi rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n sì pe àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ọjà Bódè ní Ìbàdàn jókòó, torí àwọn ló mọ ewé tó jẹ́ ojúlówó.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i pé ó ń wo àrùn náà. Wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré pé NAFDAC kò tíì yẹ ẹ̀rí náà wò. Bí ẹ bá ń gba ìpolówó àgbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sí i ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó bì ẹ̀jẹ̀, kó má ra ìgò kankan, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.