Ẹ̀sùn lórí èéfín sìgá níbi tí ẹ gbé ìyá mi sí ní Íjíbítì

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́kà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ìyá mi sì ni. Ọkọ̀ òfuurufú yín la wọ̀ láti Èkó wá ṣe Úmúrà, a sì dúró ní pápákọ̀ òfuurufú kan ní Íjíbítì láti pààrọ̀ ọkọ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ikọ́ fée sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Gbogbo èyí la sọ fún yín nígbà tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì gbà láti máa fi àga oníkẹ̀kẹ́ gbé wọn.

Òṣìṣẹ́ yín ló tì wọ́n lọ síbi tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè rìn dáadáa, ó ní kí a má kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi padà dé. Ẹ̀gbẹ́ yàrá àwọn amusìgá gan-an ni. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe yàrá náà, ó sì yẹ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ike ìdọ̀tí há a lẹ́nu, èéfín wá ń rọ́ jáde bí ilé ìdáná tí wọ́n fi igi tútù dáná. Àwọn kan ò tilẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fà á. Aṣọ iṣẹ́ yín wà lára méjì nínú wọn, káàdì yín wà lọ́rùn wọn.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n fa oògùn wọn símú, kò pẹ́ tí wọ́n tún ní kí n gbé e wá. Mo lọ bá obìnrin tó wà nídìí tábìlì yín, ó ní kí a fara dà á, pé a ò ní pẹ́ wọ ọkọ̀. Mo ní kí n kúkú ti àga náà fúnra mi, ó ní rárá, pé ẹni tó ń bọ̀ wá gbé wọn lè má rí wa mọ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹ mọ òfin. Ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú wa ti sìgá oníbátìrì bọ inú báàgì tó fẹ́ kó sábẹ́ ọkọ̀. Kíá lẹ ní kó tú u, kó mú un dání, nítorí bátìrì lè gbiná. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ náà, ẹ kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti 1992 ni ICAO, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú lágbàáyé, ti ní kí sìgá mímu dópin nínú ọkọ̀ tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, kó tó di oṣù Keje 1996.

Ẹ má sì sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Íjíbítì nìyẹn. Íjíbítì tẹ́wọ́ gba àdéhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí tábà ní 2005. Ìlànà tí wọ́n ṣe lábẹ́ àdéhùn yẹn ní 2007 sọ pé yàrá ọ̀tọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kò tó láti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ èéfín. Ká tó wá sọ ti yàrá tí wọ́n fi ike há ilẹ̀kùn rẹ̀!

N kò bá amusìgá jà. Ìrìn-àjò gùn, ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ gbé àwọn tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni pápákọ̀ tún ilẹ̀kùn náà ṣe, kí ẹ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan náà la máa gbà padà sílé. Kí èsì yín tó mi lọ́wọ́ ṣáájú ìgbà náà, kí n mọ ibi tí ẹ máa gbé ìyá mi sí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti Ìbàdàn