Àbẹ̀kẹ́, igbó gúúsù ti ní onílé

Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Leeds? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ òru tí kì í jẹ́ kí o sùn ńkọ́? Àlàáfíà la wà níhìn-ín, bí a bá yọ ti iná mọ̀nàmọ́ná kúrò, ìwọ náà kò sì béèrè ìyẹn torí o mọ ohun tí n óò wí.

O ní kí n ròyìn ohun tí a ti fi igbó gúúsù ṣe láti ìgbà tí o ti fi eré wa sílẹ̀, eré tí a jọ ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ àti dáìsì dá ìtàn ayé àfinúrò kan, pé o gbọ́ pé èmi ni mo gbà á. Èmi náà ni. O ò ní gbàgbé máàpù wa: òkè lápá àríwá, aṣálẹ̀ níhà ìlà-oòrùn, àwọn ìlú olódi láàárín, gbogbo wọn ló ní ẹni tó ń kọ ìtàn wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n kọ "igbó" sí láàárín, ó parí. Ẹ̀dá ìtàn tó bá ti sú ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán an lọ kí ó lọ kú. Ààtàn ni wọ́n fi odindi ilẹ̀ ṣe. Ohun tó ká mi lára nìyẹn tí mo fi na ọwọ́.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí igbó náà burú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ìdí tó fi burú. Ẹnì kan kọ ejò tó gùn ju òpópónà lọ. Ẹlòmíràn kọ igi tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan tún kọ àwọn ajẹ̀nìyàn tó ń fi ìlù pe ara wọn lóru, ìyẹn ni mo pa rẹ́ kí n tó kí i pé ẹ káàárọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi tán. Irú igbó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nínú irú eré yìí. Wo Chult, ilẹ̀ igbó tó wà nínú Forgotten Realms, ayé àfinúrò kan ti eré Dungeons & Dragons: ẹranko ayé àtijọ́ bíi dinosaur, òkú tó ń rìn, oríṣiríṣi ibà, gbogbo rẹ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní 2017, wọ́n sapá díẹ̀. Wọ́n fún un ní Port Nyanzaru, ìlú èbúté tí àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ń darí, wọ́n sì fi omi mímu àti oògùn tó ń lé kòkòrò sínú òfin eré, kí arìnrìn-àjò má baà rò pé idà nìkan lẹrù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé ráhùn pé wọ́n kó gbogbo Áfíríkà dà sínú àwo kan. Mo fara mọ́ ìráhùn náà, mo sì jí òfin omi mímu wọn gbé.

Òfin kan ṣoṣo ni èmi fi lélẹ̀. Kò sí ewu tí yóò wọ ìwé igbó gúúsù àfi tí ẹni tó mú un wá bá tún kọ nípa àwọn tó mọ bí a ṣe ń bá a gbé, àti ohun tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n tó fi ọ̀nà hàn án. Òfin yìí bí wọn nínú. Ọmọ ejò (orúkọ tí mo ń pe ẹni tó kọ ejò nìyẹn báyìí) dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá padà dé pẹ̀lú agbo ilé kan tó ń fi awọ tí ejò náà bọ́ sílẹ̀ ṣe òrùlé. Wọ́n mọ oṣù tí ó ń bọ́ awọ, wọn kì í dáná lóṣù náà, àlejò tó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà wọn kọjá gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tútù bíi tiwọn. Ejò yẹn kò kéré sí i o. Ó kàn ti ní aládùúgbò ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìjàlọ. Ọmọkùnrin kan tó wà ní Kánádà mú jagunjagun rẹ̀ wọ abúlé kan lálẹ́, mo sì kọ ọ́ pé ìjàlọ ń bọ̀. O mọ bó ṣe ń rí. Aláǹgbá á kọ́kọ́ máa já bọ́ lára ògiri, aáyán á máa tú jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà, ìwọ á wá gbọ́ ariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ewé gbígbẹ. Jagunjagun fa idà yọ. Ó ju dáìsì olójú ogún, ó mú mọ́kàndínlógún, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi ohun tí idà fẹ́ fi ìjàlọ ṣe. Ibi tó ti ń ronú ni ìyá arúgbó tó ni ilé ti jáde, ó ká ẹní sábẹ́ apá, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí àlejò bọ́ síta kí àwọn agbálẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́. Ìta ni gbogbo wọn sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí eku, kò sí aáyán, kò sí àkekèé nínú abúlé náà mọ́. Adìyẹ kan tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ agbọ̀n nìkan ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin yẹn ti máa ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé kí ó tó fọwọ́ kan idà.

Ìjà gidi tí a jà, orí ẹṣin ni. Ẹni tó ni àwọn ìlú olódi fẹ́ "tún igbó ṣe". Ó kọ ọ́ lóru ọjọ́ kan pé ọ̀ọ́dúnrún ẹlẹ́ṣin òun ti wọlé, wọ́n ti la ọ̀nà, wọ́n ti kọ́ ilé ìṣúra, wọ́n ti ń wa wúrà. Ojú ewé kan péré! Mo ní ẹṣin kì í wọ igbó. Ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn án. Ọ̀yọ́ ni mo fi hàn án. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jẹ gàba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn títí dé Dahomey, síbẹ̀ apá rẹ̀ kò ká àwọn Ìjẹ̀ṣà nínú igbó wọn. Ẹṣin kò ráyè sáré láàárín igi, eṣinṣin tsetse sì ń bá a jà lọ́sàn-án gangan, àìsàn tó ń fi sí i lára ni yóò pa á bí ọfà kò bá pa á. Mo tún sọ fún un bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ṣe fẹ́ wọ ìhà gúúsù tí Ìbàdàn fi dá wọn dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, tí wọn kò sì ráyè wọ inú igbó lọ mọ́. Ó ní ayé tiwa kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni. Mo ní kó mú ẹṣin tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára wá nígbà náà.

Ó bínú lọ. Nígbà tó padà, ohun tó kọ ló dára jù nínú gbogbo ìwé náà, n kò ní í fi dù ú. Ilé olódi kan létí igbó, ẹṣin ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, olórí ogun ń kọ̀wé sílé pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àwọn ọmọ ogun sì ń ta gàárì fún àwọn ará igbó, tí ìyẹn ń fi ṣe àga ìjókòó. Wúrà kò tíì dé ibi kankan. Kí a tó ta ọkà kan fún wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bẹ ìyá onílé yẹn, ìyá onílé sì mọ iye tí ọkà tó.

Ohun mìíràn tí mo ń bá wọn fà ni pé gbogbo wọn ló rò pé ìgbà gbogbo lèèyàn ń fi àdá la ọ̀nà nínú igbó. Nínú ẹgàn gidi, níbi tí igi ńlá ti borí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀ kò tó nǹkan, bóyá ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀. O lè rìn lábẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tó ń dí èèyàn lọ́nà ni etí odò, ibi tí igi ńlá ti wó, àti oko tí wọ́n ti pa tì. Ibẹ̀ ni wèrèpè wà. Nínú eré wa, àgbègbè tó dí pa jù lọ ni ibi tí èèyàn ti gbé rí, ẹni tó bá sì rí ọ̀pẹ tó dúró pọ̀ lójú kan láàárín ẹgàn, kó yáa mọ̀ pé orí ahoro ló dúró lé. Ilẹ̀ igbó kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá bí ojú ṣe ń rò ó. Ara igi àti ewé ni ọ̀rá náà wà. Bí a bá dáko fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a ó fi í sílẹ̀ kó sinmi. Abúlé igbó gúúsù ń ṣí kiri, máàpù tí o bá rà lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú olódi á sì ti di irọ́ kí o tó débẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ̀ ní ìgbà òjò kan, a ó pa á rẹ́ lórí máàpù. Wọ́n kórìíra èyí. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ṣé mo sọ fún ọ pé mo lọ wo Eredo Sùǹgbọ́, lẹ́bàá Òkè-Ẹ̀rì? A kàn ń gbọ́ ọ ní ilé ìwé ni: odi àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, tó lé ní kìlómítà 160, tí ibòmíràn fi mítà 20 ga láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ooru dópin lójijì. Ògiri amọ̀ náà tutù, ó ń yọ̀, ewéko wínníwínní hù lára rẹ̀, gbòǹgbò igi òkè rọ̀ wálẹ̀ bí irun tí wọn kò tíì dì. Bí o bá dúró lókè, tí o fi ìṣísẹ̀ mélòó kan jìnnà sí etí rẹ̀, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Èmi wá fi yàrà kan sínú igbó gúúsù. Ẹni tó gbẹ́ ẹ, n kò ní í sọ, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

N kò fẹ́ kí igbó náà jẹ́ ti Yorùbá nìkan ṣá. Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń gbé Salvador, ní Bahia, ó mọ Ọ̀sanyìn ju èmi lọ. Òun ló mú Curupira wá láti ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Brazil: onírun pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ọdẹ tó bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀ ló ń lọ. Èmi mú Àrọ̀nì wá, ẹlẹ́sẹ̀ kan, olórí ajá. O mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ: ẹni tó bá sá fún un di ẹran rẹ̀, ẹni tó bá dúró tí kò mì, ó ń mú un lọ sílé lọ kọ́ ọ ní ewé, ó sì ń fún un ní irun ìrù rẹ̀ kí ará ilé lè gbà á gbọ́ nígbà tó bá padà. Òfin eré ti wà nínú ìtàn yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ dáìsì. A pín ilẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Àrọ̀nì ló ni ewé, Curupira ló ni ẹran. Ibi tí ààlà wọn ti pàdé, ẹnikẹ́ni kì í já ewé níbẹ̀, wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò bínú. Kí ni o rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn tó sá kúrò ní ìlú olódi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fara pamọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀. Wọ́n ti pọ̀ tó láti ní ọjà báyìí, wọ́n ń jẹ iṣu tí wọ́n ń rà láti ìta, olórí ogun yẹn kò sì lè bá wọn débẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Ẹnu odò kò tíì ní onílé. Gbogbo wa ló ń fò ó, torí kò sí ẹni tó dàgbà létí omi nínú wa, ìwọ tí o dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ sì wà níbẹ̀ tí o ń ṣiṣẹ́ òru. Èbúté ni mo fẹ́. Sọ irú ọkọ̀ tó lè wọ̀ ọ́ fún mi, ìgbà tí omi ń fà àti ìgbà tó ń kún, bí wọ́n ṣe ń sá ẹja, àwọn obìnrin tó ń dá iye lé e, ohun tí wọ́n ń pariwo bí ọkọ̀ bá dé. Fi oníbodè síbẹ̀ tó ń gba owó ibodè, kó burú, ṣùgbọ́n kó máa ṣe nǹkan létòlétò. Iyọ̀ ni àwọn ará igbó ń wá jù, nítorí náà ẹni tó bá di iyọ̀ mú ló di ọ̀rọ̀ mú. Jọ̀ọ́, má fi ọba síbẹ̀. Ọba ti pọ̀ jù lórí máàpù yìí, gbogbo ẹni tó bá wọ eré ló ń gbé adé wá.

Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ pẹ́ o. Ẹni tó ni ìlú olódi ti ń wo ẹnu odò náà tipẹ́, bí o kò bá gbà á, yóò fi ẹṣin sí i. Fi èsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí o bá ti jí, kí n lè kọ orúkọ rẹ síbẹ̀ kí òun tó kọ tirẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa. Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó ní aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá òun mu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́