Lẹ́tà sí Wálé: Oògùn Tuntun fún Àpò Ìtọ̀ Bàbá

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? O kú ìtọ́jú Bàbá. Bá mi kí wọn gidigidi.

Mo ka ohun tí o kọ, pé BCG tí wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀ wọn nítorí jẹjẹrẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́ lára wọn, pé dókítà wọn ní Houston ti dárúkọ oògùn tuntun kan, Adstiladrin. Àwọn ẹbí níbí ṣì ń pe àìsàn náà ní àtọ̀sí ajá nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Má bá wọn jà. Àtọ̀sí ajá pọ̀ lágbègbè wa, ní Ìlíè lọ́hùn-ún pàápàá, bó bá sì pẹ́ lára ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, àmọ́ oríṣi mìíràn ló sábà máa ń jẹ́. Ti Bàbá ò tíì wọnú ẹran àpò ìtọ̀, ojú awọ inú rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ lé. Irú èyí, tí BCG ò bá ká a mọ́, ni àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà fún ní oṣù Kejìlá 2022.

BCG ni abẹ́rẹ́ tó fi àpá sí wa lápá láti ọmọ ọwọ́. Ó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Adstiladrin gba ọ̀nà mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì kan tó wà nínú àwọn tó ń fa ọ̀fìnkìn ni wọ́n mú, wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò lè bí sí i mọ́, wọ́n wá di jíìnì interferon alfa-2b rù ú, ìyẹn ìlànà tí ara fi ń ṣe interferon. Bó bá ti wọlé, awọ àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ á máa ṣe interferon, ohun ìjà tí ara ń lò tẹ́lẹ̀, tó ń bá jẹjẹrẹ jà, tó sì ń pe àwọn ọmọ ogun ara wá. Ṣùgbọ́n awọ yẹn dà bí ewé kókò: nǹkan kì í tètè ràn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po Syn3 mọ́ oògùn náà. Iṣẹ́ ọṣẹ ló ń ṣe, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ ojú ìtọ̀ fa ìtọ̀ tán, wọ́n á wá rọra da mìlílítà 75 oògùn náà sínú àpò ìtọ̀. Bílíọ̀nù 300 fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú mìlílítà kan ṣoṣo. Wákàtí kan ni kó lò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí Bàbá máa yí: ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ikùn. Ọmọ ìlú aró ni ẹ́, o mọ bí aláró ṣe ń yí aṣọ nínú ìkòkò. Ibi tó bá ká, tí aró ò dé, funfun ló máa bá a jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí oògùn ò bá kàn nínú àpò ìtọ̀. Ohun tó sábà ń da wákàtí náà rú ni pé àpò ìtọ̀ á fún pọ̀ lójijì, á ti oògùn jáde tàbí kó máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Oògùn wà tó ń dẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń lò ṣáájú. Rán dókítà létí. Kí Bàbá má sì fi ìtìjú bo ìrora mọ́ra.

Nílé, fún ọjọ́ méjì, bí wọ́n bá ti tọ̀, ẹ da Jik tó tó ìwọ̀n ìtọ̀ náà sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó fọ́ omi sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, nítorí ó máa ń ta nímú. Ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dín kù, yálà àìsàn ló fà á tàbí oògùn, kó má ṣe súnmọ́ oògùn náà rárá. Ó ṣeé ṣe kó rẹ Bàbá, kí ibà díẹ̀ mú wọn, kí ẹ̀jẹ̀ sì yọ nínú ìtọ̀.

Mi ò ní tàn ẹ́. Nínú ènìyàn 103 tí wọ́n fún ní oògùn náà nínú ìwádìí tí wọ́n fi fọwọ́ sí i, tí irú ti Bàbá ń ṣe, 55 ni wọn ò rí jẹjẹrẹ lára wọn mọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. 25 ló ṣì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí náà, àyẹ̀wò oṣù kẹta ni kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣì rí i níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yíyọ àpò ìtọ̀ falẹ̀, nítorí ìdádúró yẹn lè jẹ́ kó wọnú ẹran, kó sì ràn kálẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Bá wọn sọ ọ́ nísinsìnyí, kí wọ́n tó gba ìwọ̀n àkọ́kọ́, nígbà tí ọkàn wọn ṣì balẹ̀.

Bi dókítà léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé