Ẹ̀rọ Perforating Tí Ẹ Tà Fún Mi: Àtúnṣe Yín Ló Bà Á Jẹ́

Yábà, Èkó.
14 Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tòkunbọ̀,
Ṣómólú, Èkó.

Ọ̀gá mi,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ẹ̀RỌ PERFORATING ROSBACK TÍ MO RÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú kátàkárà. Èmi ni ayàwòrán tó ra ẹ̀rọ perforating afẹsẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ tí mo fẹ́ máa fi lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí sitáǹpù tí mò ń yà (irú sitáǹpù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà), èyí tí wọ́n rọ "F. P. Rosback Co., Benton Harbor, Mich." mọ́ lára. Rìsíìtì tí ẹ kọ fún mi sọ pé ẹ ti tún un ṣe látòkè délẹ̀, pé iṣẹ́ ló kù kí n máa fi ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní àtúnṣe yẹn gan-an ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí ẹ kùn ún ń dán, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kọ́ ni mo rà. Píìnì tó tò lọ lórí ìlà kan àti awo irin oníhò tó wà lábẹ́ wọn, àwọn ni ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìyókù kàn gbé wọn dúró ni. Píìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ nínú awo yẹn, kò sì yẹ kí àyè kankan tó lójú wà láàárín wọn. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, píìnì á sọ̀ kalẹ̀, etí orí rẹ̀ á gé bébà mọ́ etí ihò, bébà róbótó tín-ín-tín á sì já bọ́ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí píìnì fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Oníṣẹ́ yín rí i pé orí wọn tẹ́, ó rò pé wọ́n ti kú ni. Ó fi fáìlì pọ́n wọn títí wọ́n fi ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ aránṣọ. Èmi kọ́ ni mo fura sí i o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ayọ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti jẹ́ kí wọ́n mú dáadáa. Píìnì ṣóńṣó kì í gé bébà, ṣe ló ń ya á. Ẹ̀yìn bébà mi ti di ṣákaṣàka, bébà tó yẹ kó já bọ́ ń rọ̀ mọ́ etí ihò, bí mo bá sì fẹ́ já sitáǹpù kan kúrò lára èkejì, ó ń ya wọ inú àwòrán.

Èyí tó burú jùyẹn lọ ni àwọn píìnì tó ti sọnù kí ẹ̀rọ náà tó dọ́wọ́ yín. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gé dí àlàfo wọn. Sípóòkù rọ̀ ju píìnì lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì bá ihò mu. Ó ti ń tẹ̀, ó ti ń ha etí ihò awo irin. A lè rí píìnì mìíràn gé. Awo irin tí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, níbo la ó ti rí i rà ní Èkó? Nítorí náà ni mo ṣe dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí mo tú abẹ́ rẹ̀ wò, eruku bébà àti òróró àtijọ́ tó ti gan ló dí ọ̀pọ̀ ihò, ọ̀dà tuntun sì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀: kí a yọ píìnì, kí a fi wọ́n sínú kẹrosíìnì, kí a ti ìdọ̀tí inú ihò jáde, kí a dá píìnì padà, kí a wá lu bébà tí a fi àbẹ́là pa kí wọ́n lè máa yọ̀ dáadáa.

Akọ̀wé yín bi mí bóyá sitáǹpù jìbìtì ni mò ń ṣe. Ó dùn mí. Sitáǹpù ayàwòrán, iṣẹ́ ọnà tí a yà bíi sitáǹpù ni, kì í ṣe owó ìfìwéránṣẹ́, tèmi kò sì ní orúkọ orílẹ̀-èdè kankan tó wà láyé lára. Donald Evans, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 1977, ya sitáǹpù tó súnmọ́ 4,000 fún orílẹ̀-èdè 42 tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ló ti hù wọ́n. Àmì ìdánudúró orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ (typewriter) ló fi ṣe àwòrán ihò etí wọn. Robert Watts, ayàwòrán Amẹ́ríkà mìíràn, náà ṣe tirẹ̀ ní 1961. Nígbà tó di 1974, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jas Felter kó irú iṣẹ́ yìí jọ fún àfihàn ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà.

Oníṣẹ́ yín tún ní kí n máa lo irin eléyín tí àwọn atẹ̀wé fi ń ṣe ìwé rìsíìtì. Ìyẹn ń la bébà gọọrọ ni, kì í yọ ihò róbótó. Síṣọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé sitáǹpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1840, kí Henry Archer tó gbé ọgbọ́n ihò lílù wá ní 1848. 1854 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta oníhò fún gbogbo ayé. Láti ìgbà yẹn, ihò róbótó ni ojú ènìyàn fi ń dá sitáǹpù mọ̀. Òun ni mo sanwó fún.

Ẹ rán ẹni tó mọ irú ẹ̀rọ yìí wá, kì í ṣe ẹni tó mọ Kord àti GTO, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg, nìkan. Kí ó yọ gbogbo sípóòkù. Kí ẹ ní kí oníṣẹ́ léètì gé píìnì tuntun láti ara irin líle, ìwọ̀n kan náà, orí pẹrẹsẹ, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó san owó rẹ̀. Bí píìnì àtijọ́ tí ẹ yọ bá ṣì wà nínú agolo kan níbẹ̀, ẹ bá mi kó wọn wá, bí wọ́n tilẹ̀ ti tẹ̀. Ara wọn la ó ti mú ìwọ̀n. Tí awo irin bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ dá owó mi padà, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó gbé e wá sí Yábà.

Mo ń retí èsì yín kí oṣù yìí tó parí. Bí n kò bá gbọ́, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá gbé rìsíìtì àti fọ́tò awo irin náà lọ bá.

Ẹni tí ẹ bá rán, kó pè mí kó tó kúrò ní Ṣómólú, kó mú kẹrosíìnì dání. Kó fi fáìlì sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín, ayàwòrán Yábà.