"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" nìkan kò tó

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún nọ́ọ̀sì níbi tí mo ti ń gba oògùn HIV ní Ìlọrin yìí pé ìgbàgbé ń dà mí láàmú. Mo lè gbé omi kaná kó gbẹ tán. Orúkọ ọmọ ọmọ mi gan-an, mo máa ń dúró rò ó. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: "Màmá, ọjọ́ orí ni. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó pe ẹni tó kàn.

Mò ń lò ó! Àwọn fúnra wọn ló sọ pé kòkòrò náà kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lọ́yẹ: oògùn lè tẹ kòkòrò náà rì, síbẹ̀ ara lè má yé bá a jà, ìjà yẹn sì lè máa pa ọpọlọ lára. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá tún kún un, ẹrù ti gorí ẹrù nìyẹn. Ó ní kí n má fi ìrìn rọ́pò oògùn, ṣùgbọ́n ìrìn lè ran ọpọlọ lọ́wọ́. Ìlànà lórí eré ìdárayá tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2020 dárúkọ àwa tá a ní HIV ní tààrà: ó kéré tán, ká fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ta ló sọ fún wa? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín ṣáá ni!

Àwọn ọ̀gá tó ń torí wa pèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kò tíì bi wá rí bóyá a lè gun àtẹ̀gùn.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Lọ́jọ́ oògùn, láti àárọ̀ kùtù la ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń tòògbé títí wọ́n á fi rí fáìlì. Kí físíò kan kó wa jáde sínú ọgbà lásìkò yẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa. Ká rìn dé géètì ká padà, ká máa dìde lórí bẹ́ǹṣì ká máa jókòó kí itan lè lágbára, ká di ògiri mú ká fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kí wọ́n da àwa àti àwọn oníẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè nawọ́ sí wa pé "àwọn yẹn rèé." Òfin HIV tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 ní wọn ò gbọdọ̀ yà wá sọ́tọ̀, àmọ́ òfin kò di ẹnu aládùúgbò.

Kí wọ́n yẹ ìrántí àwa àgbà wò lọ́dọọdún. Kí ìjọba sì bo gọ́tà, torí àárín kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọ̀kadà la ti ń rìn ní Gáá-Akánbí.

Bí wọ́n bá ní físíò kò ráyè, kí wọ́n kọ́ ọ̀kan nínú àwa aláìsàn. Èmi á ṣe é.

Òǹkàwé yín,
Gáá-Akánbí, Ìlọrin