Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì lórí ẹ̀rọ tí yóò máa kó yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀

Ẹ̀bute, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ìbejì, mo sì kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Inú mi dùn gidigidi pé ilé tí ẹ rí ní Hamburg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, ti di tiyín, àti pé ẹ ó kúrò ní Houston kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní ẹni tó ń tajà sọ fún ọ pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná ni kí o rà láti máa fi kó yìnyín, pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò sì ní í yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ìhà gúúsù Buffalo kí n tó padà wálé wá máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń sọ: jọ̀wọ́, má ra ẹ̀rọ yẹn.

Yìnyín Hamburg kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Adágún Erie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀sà ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, nígbà tí òtútù bá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, omi adágún náà ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ. Afẹ́fẹ́ náà yóò fa ọ̀rinrin láti ojú omi, yóò gbé e dé orí ilẹ̀, yóò sì dà á sílẹ̀ ní yìnyín lójú ìlà tóóró kan, débi pé àdúgbò kan lè rì sínú yìnyín kí oòrùn máa ràn ní àdúgbò tí kò jìnnà sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èyí tó bọ́ sí Hamburg àti Orchard Park láàárín ọjọ́ mélòó kan lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ìwọ àti èmi kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, èyí tó bọ́ láti ojú ọ̀run kọ́ ló ń fa wàhálà jù. Ọkọ̀ ìjọba tó ń gbá títì yóò máa ti gbogbo ohun tó bá gbá sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ títì náà sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ. Òkìtì tó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe yìnyín fúyẹ́fúyẹ́ mọ́. Ó ti pò mọ́ omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì kí yìnyín lè yọ́, ó ti ki, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, yóò le bí bíríkì. Ẹ̀rọ kékeré ni èmi náà kọ́kọ́ rà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé etí títì, ṣùgbọ́n nígbà tó kan òkìtì yẹn, ńṣe ló ń fò gùn ún, kò lè wọ inú rẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló yẹ kí n wà lẹ́nu iṣẹ́. Aago mẹ́jọ kọjá kí ọkọ̀ mi tó jáde, ẹ̀yìn sì dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ kékeré yẹn, tó jẹ́ onípele kan, àti onípele méjì tí mo fẹ́ kí o rà. O rántí irin tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín nínú ẹ̀rọ ata ìyá rẹ ní Sábọ̀, èyí tó máa ń ti ata lọ síbi tí wọn yóò ti lọ̀ ọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu snow blower, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó yìnyín. Nínú èyí tó jẹ́ onípele kan, irin náà nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe: ó ń kó yìnyín, òun náà ló sì ń jù ú gba ọ̀fun ẹ̀rọ jáde, ó sì ń ha ilẹ̀ bó ti ń lọ. Nínú onípele méjì, irin náà ń yí pẹ̀lẹ́, ó ń fọ́ yìnyín, ó sì ń dà á sí àárín, níbi tí abẹ̀bẹ̀ irin kan ti ń yí kíkankíkan lẹ́yìn láti gbá a jù sókè. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà o kò ní í máa fi àyà tì í. Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, mo rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ìyẹn nìkan ti parí ọ̀rọ̀, nítorí onípele kan yóò gbá òkúta mọ́ fèrèsé àwọn aládùúgbò rẹ. Onípele méjì ní bàtà irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, tí o lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnu náà lè gbé sókè díẹ̀ kúrò lórí òkúta.

Nípa ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ ẹnu 26 íǹṣì tó fún ọ, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti wà ní nǹkan bí 250 cc. Bí o bá rí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, fi í sílẹ̀. Títun rẹ̀ sábà máa ń lé ní 1,000 dọ́là, mo sì mọ̀ pé owó ilé ti tán ọ lápò, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí o náwó sí nìyí. Rí i dájú pé ó ní ìtanná tí a fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí, torí pé fífa okùn ní òwúrọ̀ tí òtútù mú gan-an kì í ṣe iṣẹ́ tí Ìyá Ìbejì yẹ kó máa ṣe nígbà tí o kò bá sí nílé, àti pé ó ní iná iwájú, nítorí òkùnkùn lo ó máa ṣiṣẹ́ sí. Àwọn oníbátìrì tó jẹ́ onípele méjì ti wà báyìí, wọn kì í pariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, bí ìjì bá sì mú iná lọ, kò sí bí o ṣe fẹ́ gba agbára sí i.

Ohun mìíràn wà tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n fi àwọn bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan de irin ayí náà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n lè kán bí òkúta tàbí igi bá há sí i lẹ́nu, kí gíá inú rẹ̀ má baà fọ́. Bí ohun kan bá ń kán, irin tó le jù ú lọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì níhìn-ín máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ra irú bóòtù yẹn gan-an sílẹ̀, bíi mẹ́fà. Ní ti epo, o mọ bí kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe máa ń dí nígbà tí pẹtiróòlù bá pẹ́ nínú rẹ̀. Bákan náà ni, ó tilẹ̀ burú jù, nítorí wọ́n máa ń po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ epo wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé, fa epo inú rẹ̀ gbẹ.

Èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí yìnyín tútù bá dí ọ̀fun ẹ̀rọ náà, pa ẹ́ńjìnnì, dúró kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, kí o sì fi igi tí wọ́n fún ọ pẹ̀lú rẹ̀ tú u. Má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kódà bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, nítorí irin inú rẹ̀ lè ṣì wà ní fífà, yóò sì ta yí ní kété tí o bá yọ ohun tó dí i. Ìka méjì ni aládùúgbò mi kan pàdánù lọ́nà yìí, ẹni tó ti ń lo ẹ̀rọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Má sì tan án nínú gáréèjì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. O mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe fún àwọn ìdílé kan níhìn-ín.

Rà á kí oṣù Kẹwàá tó parí, nítorí bí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́, àwọn tó dára á tán lórí igbá. Kí o tó sanwó, ya àwòrán ìwé ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi yóò wò ó ní ọjọ́ náà gan-an.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bàbá Ṣadé.